Àdúrà fún Aláìsàn: Ṣé Iyèméjì Ni Oògùn Lílò?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́ Bíbélì, arákùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, kì í pa ìpàdé jẹ. Nígbà tí àwọn yòókù tú ká tán, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan jáde, ó sì nà án sí mi. Horo mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó rà á. Méjì péré ló ti lò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Tíṣà," ó ní, "oníwàásù tó wá bá wa ṣe ìsọjí sọ pé ẹni tí Ọlọ́run ti wò sàn, tó tún wá ń gbé oògùn mì, iyèméjì ló ń ṣe. Mo jáde síwájú lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, ara mi sì yá. Tí mo bá wá ń lò ó lọ, ṣé kì í ṣe pé mò ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò gbà á gbọ́?"

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Ọlọ́run, tí kò fẹ́ ṣe ohun tí yóò dùn ún, ló ń béèrè irú ìbéèrè yìí, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín tàbí ìbáwí lé e lọ. Àlàyé tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà, àti èyí tí a jọ gbé yẹ̀ wò ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ni mo tò sílẹ̀ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń gbé irú sáṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ káàkiri lápò.

Kí ni à ń béèrè gan-an?

Àdúrà ìwòsàn ni ẹ̀bẹ̀ tí onígbàgbọ́ ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ara tó ń ṣàìsàn ní àlàáfíà. Ẹ̀bẹ̀ ni. Kì í ṣe àṣẹ tí a ń pa fún Ọlọ́run, kì í sì í ṣe ọfọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ ṣì lẹ́nu kó tó jẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ mọ̀ pé ẹni tí òun ń bẹ̀ ju òun lọ, ó sì ń fi ọ̀nà tí ìdáhùn yóò gbà wá sílẹ̀ fún un.

Ibi tí àwọn ìjọ máa ń tọ́ka sí jù ni orí karùn-ún ìwé Jákọ́bù. Jákọ́bù gba aláìsàn nímọ̀ràn níbẹ̀ pé kó ránṣẹ́ sí àwọn alàgbà ìjọ, kí wọ́n wá gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì fi òróró pa á lára lórúkọ Olúwa. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìmọ̀ràn yìí. Aláìsàn kọ́ ló ń wọ́ ara rẹ̀ gun orí òkè lọ bá alàgbà. Àwọn alàgbà ló ń wá bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Àwọn tó ń gbàdúrà ni Jákọ́bù sì gbé ẹrù ìgbàgbọ́ lé lórí, kò gbé e lé orí ẹni tí ara ń ni. Òróró ńkọ́? Láyé wọn, òróró ólífì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ọgbẹ́. Nínú àkàwé ará Samáríà tó ṣàánú, òróró àti wáìnì ló dà sójú egbò ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe. Àdúrà àti ìtọ́jú ti jọ ń gbé láti ìgbà yẹn, wọn kò sì bá ara wọn jà.

Ẹ tún wo ọba Hẹsekáyà. Ó ṣàìsàn dé ojú ikú, ó sunkún sí Ọlọ́run, Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Wòlíì Aísáyà ló gbé ìlérí náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wòlíì yìí kan náà ló ní kí wọ́n wá èso ọ̀pọ̀tọ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú oówo tó ń dà á láàmú. Ẹnu tó sọ ìlérí ló dárúkọ oògùn. Hẹsekáyà kò dáhùn pé, "Baba, ṣé ìlérí yẹn kò tó ni?" Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì yè.

Àwọn tó kórìíra oògùn máa ń mú ọ̀rọ̀ ọba Ásà wá, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí Ásà lọ́rùn ni pé kò yà sọ́dọ̀ Ọlọ́run rárá. Ká ní ó gbàdúrà tó sì lọ rí oníṣègùn, kò ní sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìnrìn àjò, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù sì fi ìfẹ́ dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè. Kò sí ibi kankan tí a ti kà pé ó ní kí Lúùkù ronú pìwà dà iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbilẹ̀ nílẹ̀ wa

Níbo wá ni a ti rí èrò pé onígbàgbọ́ òtítọ́ kì í lo oògùn? Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àjàkálẹ̀ àrùn influenza dé Èkó. Lúkúlúkú ni àwọn baba wa pè é. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti tàn gba ojú irin àti ojú ọ̀nà dé àárín ìlú. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó pa ní Nàìjíríà. Dókítà kò ní oògùn kan tó lè pa á. Kódà penicillin, tí kì í pa influenza fúnra rẹ̀, a kò tíì rí i nígbà náà. Ọdún 1928 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí rẹ̀, ó sì di àwọn ọdún 1940 kó tó dé ọwọ́ àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwòsàn ní 1918 ń kú, ẹni tó bá wà nílé ń kú.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ìjọ Áńgílíkà ti St Saviour, àwọn ọmọ ìjọ kan kóra jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shadare ni aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami, tí àrùn náà mú, dìde lórí àìsàn, ó sì kéde pé Ọlọ́run ní kí àwọn ènìyàn gba omi òjò, kí wọ́n fi àdúrà lò ó, kí wọ́n sì pa oògùn tì. Bí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà rẹ́ nípa ìwé àti ìròyìn tí wọ́n ń gbà láti ọ̀hún. Ìjọ náà kọ oògùn pátápátá. Ní Èkó, ní 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abiodun Akinsowon bọ́ sínú ìran, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ránṣẹ́ pe Moses Orimolade, ará Ìkàrẹ́, pé kó wá gbàdúrà fún un. Lára ìpàdé yẹn ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde.

Lẹ́yìn náà ni 1930 dé. Joseph Ayo Babalola, ọmọ Odò-Ọwá tó ti ń wa ọkọ̀ rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kó tó gbọ́ ìpè ní 1928, ń wàásù ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ya wá láti ìlú gbogbo. Ẹ fi ojú inú wo ibẹ̀: ìyá tó ru kèrègbè omi láti abúlé, bàbá arúgbó tí ọmọ gbé pọ̀n sẹ́yìn, igo, ìkòkò àti korobá tí wọ́n tò sílẹ̀ nínú eruku, oníwàásù pẹ̀lú agogo lọ́wọ́ tó ń gbàdúrà sí gbogbo wọn. Omi ìyè ni wọ́n pe omi náà. Ọ̀pọ̀ ló kó ère àti oògùn wọn jáde wá, tí wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Àwọn aṣáájú ìsọjí náà pe ìjọ Apostolic ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní 1931, kí wọ́n lè ní alátìlẹ́yìn. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn, ọ̀rọ̀ oògùn yìí náà ló wá dá ìjà sílẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lo quinine kí ibà má bàa pa wọ́n. Àwọn onígbàgbọ́ tiwa wò ó, wọ́n bi wọ́n pé báwo ni ẹ ṣe ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run tí ẹ sì ń gbé quinine mì. Nígbà tó fi di 1941, ọ̀nà ti pín. Babalola àti àwọn aṣáájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bíi Odubanjo àti Akinyele tó wá di Olúbàdàn ní 1955, lọ dá ìjọ Christ Apostolic Church sílẹ̀.

Mi ò ní fi àwọn baba wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Wọ́n gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè dì mú, wọ́n sì mú àìmọye ènìyàn kúrò lábẹ́ ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jogún ìgbàgbọ́ wọn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kọ̀ gan-an.

Oògùn wo ni wọ́n kọ̀?

Ẹ tẹ́tí sí èdè wa. À ń pe horo ibà ní oògùn. À ń pe ohun tí wọ́n rì mọ́ ẹnu ọ̀nà láti fi ṣe ọ̀tá ní oògùn. Oògùn owó wà, oògùn ẹ̀fọ́n wà, oògùn ìfẹ́ wà, oògùn inú rírun wà. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Láyé 1918 àti 1930, ẹni tó bá lọ gba ewé fún àìsàn sábà máa ń gba ọfọ̀ mọ́ ọn, ó lè gba ẹbọ mọ́ ọn, wọ́n sì lè dárúkọ àjẹ́ fún un pé ìyàwó bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí oníwàásù bá wá ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ju oògùn nù, ohun tí etí gbọ́ ni pé kí wọ́n jáwọ́ nínú gbogbo àjọṣe yẹn. Ìpinnu ńlá ni, ìpinnu tó gba ọkàn akin.

Ṣùgbọ́n èdè kan náà tún ní ọgbọ́n tí a lè fi ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. A máa ń sọ pé ẹnìkan ń *ṣe* oògùn, a sì máa ń sọ pé ẹnìkan ń *lo* oògùn. Tí ẹ bá sọ fún mi pé aládùúgbò mi ń ṣe oògùn, ẹ̀rù á bà mí. Tí ẹ bá ní ó ń lo oògùn, màá bi yín pé kí ló ń ṣe é, màá sì lọ kí i. Arákùnrin tó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kò ṣe oògùn rárá. Ó ń lo oògùn ni. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ ni oníwàásù kan lọ gbé lé ẹni kejì lórí, èyí sì léwu, torí ohun tí kò sí ní 1918 ti wà lónìí.

Iléṣà yẹn gan-an tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti kọ́ wa. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ìsọjí Òkè-Ooye. Níbẹ̀ ni dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, tó ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i, èyí tí àwọn ìyá ń mú lọ fún ìwọ̀n ọmọ, ibẹ̀ ló ti gbèrú kó tó tàn kárí ayé. Ìgbàgbọ́ ló gbé Babalola lọ sí Òkè-Ooye. Ìgbàgbọ́ yẹn kan náà ló mú kí Mẹ́tọ́díìsì kọ́ ilé ìwòsàn síbẹ̀. Ìlú kan ṣoṣo ló gba àwọn méjèèjì.

Tí ìdáhùn kò bá rí bí a ṣe fẹ́

Apá tó ń dun ènìyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé, mi ò sì fẹ́ sáré kọjá rẹ̀. A ti gbàdúrà fún àwọn kan, wọ́n dìde. A ti gbàdúrà fún àwọn mìíràn, a gbààwẹ̀, a sunkún, a sì lọ sin wọ́n.

Ohun tí a máa ń sọ lẹ́yìn ìsìnkú bẹ́ẹ̀ ló ń ba ọkàn ènìyàn jẹ́ ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Mo mọ ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Alẹ́ tí egungun bá ń ro ọmọ náà, ìyá á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á máa fi aṣọ tí ó ti ki bọ omi gbígbóná tẹ orúnkún rẹ̀. Ẹnìkan tó wá gbàdúrà fún wọn sọ fún un níṣojú ọmọ náà pé, "Ìgbàgbọ́ yín ló kéré." Ọdún púpọ̀ ti kọjá, ìyá náà kò tíì gbàgbé gbólóhùn yẹn. Kò sì sí òtítọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wo Ìwé Mímọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tú òrùlé, wọ́n sọ arọ kan kalẹ̀ síwájú Jésù. Máàkù sọ pé ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e wá ni Jésù rí. Ọkùnrin tó ti ṣàìsàn fún ọdún 38 létí adágún Bẹtisáídà kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó wò ó sàn. Ní ìdàkejì, Pọ́ọ̀lù tó gba Ọlọ́run gbọ́ bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta pé kó mú ẹ̀gún kan kúrò lára òun, ẹ̀gún náà kò kúrò. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù pẹ̀lú àìsàn lára. Inú ń yọ Tímótì lẹ́nu lemọ́lemọ́, ìmọ̀ràn tí Pọ́ọ̀lù sì fún un ni pé kó máa fi wáìnì díẹ̀ kún omi tó ń mu; kò bi í léèrè ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà. Wòlíì Èlíṣà, ẹni tí a kà pé egungun rẹ̀ jí òkú dìde nínú ibojì, àìsàn ló pa òun fúnra rẹ̀.

Kò sí ẹ̀dá tó lè fi àìsàn ẹlòmíràn wọn ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù gbìyànjú rẹ̀, Ọlọ́run sì bínú sí wọn.

Ẹ̀rí àti àyẹ̀wò

Nígbà tí Jésù wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ó ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà. Kí nìdí? Lábẹ́ òfin Mósè, àlùfáà ni olùyẹ̀wò. Orí kẹtàlá ìwé Léfítíkù to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: kó wo ojú ibi tó wà lára, kó wo àwọ̀ irun tó hù níbẹ̀, kó ya ẹni náà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje, kó tún wò ó. Ẹni tó ṣe ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ló rán wọn lọ fún àyẹ̀wò. Bí Jésù kò bá bẹ̀rù àyẹ̀wò, kí ló dé tí àwa ń bẹ̀rù rẹ̀?

Ìjọ Kátólíìkì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ débi pé ní Lourdes ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wọ́ lọ láti 1858, wọ́n dá ọ́fíìsì àwọn dókítà sílẹ̀ ní 1883 láti máa yẹ ẹ̀rí wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti wá sọ pé ara àwọn yá. Àwọn tí ìjọ ti kéde ní iṣẹ́ ìyanu títí di ìsinsìnyí lé díẹ̀ ní 70. Ìdájọ́ náà le, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ṣeé gbára lé.

Ìdí tí a fi nílò èyí ni pé "ara mi yá" àti "àìsàn mi ti lọ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ènìyàn lè máa rẹ́rìn-ín, kó máa jó nínú ìjọ, kí ìfúnpá rẹ̀ sì wà ní 180. Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá nìkan ló lè sọ, tó bá sì ti ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ó ti di àìsàn. Ikọ́ ife sábà máa ń gba oògùn oṣù mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ikọ́ náà lè dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ ṣì wà ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tó bá dá oògùn dúró lè gbé èyí tí oògùn kò ní ràn mọ́ dìde. Ẹni tó ní kòkòrò HIV tó ń lo oògùn déédéé lè ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n má rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn ló ń mú un mọ́lẹ̀. Tó bá dá a dúró, kòkòrò náà á jí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní ti ẹ̀rí pé jẹ́nótáìpù ẹnìkan ti yípadà láti AS sí AA, àṣìṣe ilé àyẹ̀wò wọ́pọ̀. Kí ẹni náà lọ tún un ṣe ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó di ẹ̀rí, àgàgà kó tó di ìgbéyàwó.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti gbìyànjú láti wọn àdúrà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àwọn ènìyàn 1,802 tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gbàdúrà fún apá kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ dájú, wọn kò gbàdúrà fún apá kejì, wọ́n sì sọ fún apá kẹta pé àdúrà ń lọ lórí wọn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín apá méjì àkọ́kọ́: 52 àti 51 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìnira bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó mọ̀ pé wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn ló tilẹ̀ ní ìnira jù, 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tí mò ń kọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a kò lè fi síbí wọn Ọlọ́run bí ẹni wọn oògùn ikọ́. Mo sì rí ìkìlọ̀ kan: ó ṣeé ṣe kí ẹni tó gbọ́ pé gbogbo ìjọ ń gbàdúrà fún òun máa rò ó pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ mi ti burú tó báyẹn ni?" Bí a ṣe ń gbàdúrà fún aláìsàn lè fọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì lè já a láyà.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ohun tó fẹ́ kí a bá a tọrọ. Jésù bi afọ́jú léèrè kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́wọ́ lé e, ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ gbàdúrà; ẹni tí orí ń fọ́ kò nílò ariwo. Ẹ dárúkọ dókítà, nọ́ọ̀sì àti oògùn náà nínú àdúrà, kí aláìsàn mọ̀ pé kò sí ogun láàárín wọn àti Ọlọ́run. Tí àdúrà bá parí, ẹ wo inú ìkòkò rẹ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá owó oògùn ti tán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní òun "ń fi ìgbàgbọ́ dúró" ló jẹ́ pé owó ni kò ní. Ìjọ tó bá san owó náà ti dáhùn apá kan nínú àdúrà ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dá oògùn dúró. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ti wo òun sàn, kó padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ fún un, kó ní kí wọ́n yẹ òun wò. Tí ara bá ti yá lóòótọ́, dókítà ni yóò dín in kù. Ẹ má ṣe fi ààwẹ̀ lé alátọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin lórí, tàbí aláboyún. Wòlíì tó bá dá owó lé ìwòsàn, ẹ dìde níwájú rẹ̀. Náámánì kó fàdákà àti wúrà wá fún Èlíṣà, Èlíṣà kò gba kọ́bọ̀ kan.

Àwọn àìsàn kan wà tí wákàtí ń ṣe pàtàkì fún. Tí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́. Tí gìrì bá mú ọmọdé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aláboyún: ẹ wá ọkọ̀. Inú ọkọ̀ ni ká ti máa gbàdúrà. Ọlọ́run tó gbọ́ ti Jónà nínú ẹja yóò gbọ́ tiwa nínú táksí.

Sáṣẹ́ẹ̀tì náà

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, èmi àti arákùnrin náà jọ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì wé ẹ̀rọ mọ́ apá rẹ̀, ó fọ́n ọn, ó ń wo ojú rẹ̀. 172/106. Arákùnrin náà dákẹ́. Ó wá bi mí ní ohùn kékeré pé, "Tíṣà, ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ ni?"

Mo ní, "Ó gbọ́. O ní kó má jẹ́ kí àìsàn yìí pa ọ́. Ó ti fi iye tó wà lórí ẹ̀rọ yìí hàn ọ́ kó tó pa ọ́." Àwọn àgbà ní ẹni tó bo àrùn mọ́ra ti kọjá ore oníṣègùn. Ó ní kí a gbàdúrà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà tẹrí ba. Lẹ́yìn àmín, arákùnrin náà ju horo kan sẹ́nu, ó fi omi inú ọ̀rá lé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó ń kọ iye tí wọ́n bá wọ̀n sínú rẹ̀, ó sì ń kọ kókó àdúrà sí lápá kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìfúnpá rẹ̀ ti wá sí 134/84. Ó jáde lọ jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sọ pé àìsàn òun ti lọ. Ó ka àwọn iye náà láti inú ìwé, láti 172 wá sílẹ̀, ó sì dárúkọ oògùn rẹ̀ àti aago tó ń lò ó lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Àwọn ènìyàn kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kí àwọn pàtẹ́wọ́. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó mú sáṣẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó gbé e sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i. Ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti lu, kò sí horo kan níbẹ̀ mọ́.